Ẹsẹ̀ Òsì Màmá Gertrude

Ìròyìn tó gba ìgboro lọ́sẹ̀ náà ni pé ìyá àgbà kan wà ní Sábó tó ń fi orin ṣọ́ọ̀ṣì lé àǹjọ̀nnú jáde lára ọkọ̀. Wọ́n ní àǹjọ̀nnú náà á máa hó bọ̀ bí ọṣẹ, á dúdú bí àgbo ibà, ìyá náà á sì dé e mọ́nú ìgò oníke. Nígbà tí ọ̀rọ̀ náà fi máa dé Sùúrùlérè, àǹjọ̀nnú ti di méje. Nígbà tó dé Múṣín, wọ́n ní ọ̀kan nínú wọn gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì, pé ó ní òun ò ní jáde àfi bí lọ́yà òun bá dé. Kó tó di ọ̀sán Sátidé, obìnrin kan ti fi kẹ̀kẹ́ Màrúwá gbé fìríjì tí kì í tutù wá, ọkùnrin kan ti yí jẹnẹrétọ̀ dé, ìyàwó ilé kan sì mú ọkọ rẹ̀ lọ́wọ́ wá. Ọkọ náà jókòó sórí ògbólógbòó táyà, ó ń jẹ gúgúrú, ó ń retí kí orin bẹ̀rẹ̀.

Ká má parọ́, ìdajì ìròyìn náà jẹ́ òótọ́. Nǹkan burúkú jáde lára ọkọ̀. Orin wà ńbẹ̀. Ìgò wà ńbẹ̀. Àmọ́ ìdajì kejì fẹ́rẹ̀ẹ́ gba àga mọ́ Màmá Gertrude nídìí, àga tó ti ń jókòó sí fún ọdún mọ́kàndínláàádọ́ta nídìí dùùrù Ṣọ́ọ̀ṣì Òkè Ìrètí.

Tíṣà ni Màmá Gertrude kó tó fẹ̀yìn tì. Ìṣirò ló kọ́ àwọn ọmọ ìwé kẹrin ní Yábàá fún ọdún márùndínlógójì, ó sì kọ́ wọn débi pé bó bá ń kọjá lójú títì dòní, àwọn ọkùnrin tí orí wọn ti pá a máa fi sìgá pamọ́ sẹ́yìn. Ó ti pé ẹni ọdún mẹ́tàléláàádọ́rin. Ọkọ rẹ̀ ti kú, àwọn ọmọ rẹ̀ wà lókè òkun, wọ́n ń pè é lórí fídíò láti béèrè bóyá ó ti jẹun. Ohun tó kù láyé tó lè pè ní tòun kò ju méjì lọ: ọkọ̀ Nissan tí olóògbé fi sílẹ̀, àti àga ìdí dùùrù.

Dùùrù Òkè Ìrètí kì í ṣe irú èyí tí wọ́n ń kì bọ iná. Èyí tí wọ́n ń fi ẹsẹ̀ fẹ́ atẹ́gùn sí nínú ni. Ẹsẹ̀ ọ̀tún á tẹ̀, tòsì á gbéra, tòsì á tẹ̀, tọ̀tún á gbéra, bí ẹni tó ń gun àtẹ̀gùn tí kò lókè. Bí ẹsẹ̀ bá yára jù, ohùn á máa sunkún. Bó bá falẹ̀ jù, dùùrù á mí kanlẹ̀ bí ẹni tí lánlọ́ọ̀dù fún ní ìwé kó-jáde. Orúnkún ọ̀tún Màmá Gertrude ti ń dùn ún láti ọdún mẹ́wàá sẹ́yìn, nítorí náà ẹsẹ̀ òsì ló ń gbé ìjọ dé ibi àmín.

Lọ́dún tó kọjá ni wọ́n yan Ọ̀gbẹ́ni Jude Ọlápàdé ṣe ọ̀gá akọrin. Ọ̀gbẹ́ni Ọlápàdé fẹ́ràn kíbọ́ọ̀dù kan báyìí tó ní iná pupa àti iná búlúù, tó sì lè ké bí àgùntàn bí ènìyàn bá tẹ̀ ẹ́ níbì kan. Iṣẹ́ àkọ́kọ́ tó ṣe ni pé ó ra àgádágodo, ó fi ti dùùrù pa láti Mọ́ńdè dé Sátidé. Ó ní nítorí eku ni.

"Ṣé eku ọ̀hún máa ń wo kàlẹ́ńdà ni, Jude?" Màmá Gertrude bi í. "Tí kì í wá ní Sọ́ńdè?"

"Mà, mo máa gbé ìbéèrè yín lọ síwájú ìgbìmọ̀."

Bí Màmá Gertrude ò ṣe ní ibi tó ti lè fi ẹsẹ̀ dárayá mọ́ nìyẹn. Ní ọ̀sẹ̀ kẹfà, nígbà tí ìjọ wà ní ẹsẹ kẹta orin ìdúpẹ́, ẹsẹ̀ òsì rẹ̀ gbọ̀n. Kò pẹ́, kò ju bí ẹni ṣẹ́jú lọ. Dùùrù ní "hìn-ín", ó sì padà sípò. Kò sí ẹni tó gbọ́ ọ àfi Ọ̀gbẹ́ni Ọlápàdé, ó fa ìwé kékeré yọ lápò, ó kọ nǹkan síbẹ̀, ó sì rẹ́rìn-ín músẹ́ bí ẹni tó rí àyè pákì ọkọ̀ sí. Màmá Gertrude rí i láti inú dígí tó wà lórí dùùrù. Kò sọ fún ẹnikẹ́ni. Lálẹ́ ọjọ́ náà ó jókòó sórí ibùsùn, ó ń fi ẹsẹ̀ tẹ ìrọ̀rí. Ìrọ̀rí ò le tó.

Nissan olóògbé ló mú un dé ọ̀dọ̀ Sùnmọ́nù, mẹkáníìkì tó ń dá ṣiṣẹ́ lábẹ́ igi àgbọn kan ní Sábó. Búréèkì Nissan náà ti ń rọ̀. Sùnmọ́nù mọ iṣẹ́ búréèkì bí ẹni mọ ilé ìyá rẹ̀, àmọ́ iṣẹ́ fífọ búréèkì, ìyẹn títú epo rẹ̀ tó ti gbó dànù kí tuntun lè wọlé, iṣẹ́ ẹni méjì ni. Ẹnì kan á jókòó sínú ọkọ̀, á tẹ pẹ́dálì, á dì í mú mọ́lẹ̀. Ẹnì kejì á wà nílẹ̀ lẹ́bàá táyà, á tú nọ́ọ̀tì kékeré kan, epo àtijọ́ á gba inú rọ́bà ṣàn sínú ìgò, á dè é padà, ìgbà yẹn ló máa tó ní kí ẹni òkè gbé ẹsẹ̀. Bí ẹni òkè bá gbé ẹsẹ̀ kí nọ́ọ̀tì tó dè, ọkọ̀ á fa atẹ́gùn mu, wọ́n á sì tún bẹ̀rẹ̀ látìbẹ̀rẹ̀.

Ní ìlú Èkó yìí, ta ló lè di nǹkan mú títí wọn á fi ní kó fi sílẹ̀? Èèyàn tí Sùnmọ́nù ti bẹ̀ pé kó bá òun tẹ pẹ́dálì kò lóǹkà. Ẹlẹ́pà kan rí oníbàárà, ó fò bọ́ọ́lẹ̀. Ààfáà kan gbé fóònù, ó gbé ẹsẹ̀ pẹ̀lú rẹ̀. Ọlọ́pàá kan sùn lọ sórí ìdarí ọkọ̀. Nígbà kan, táyà kan ṣoṣo ló gba Sùnmọ́nù láti ìrun Àílà dé Àlàásárì, ẹni tó ń bá a tẹ̀ ẹ́ sì ti di mẹ́sàn-án kó tó parí.

Lọ́jọ́ tí Nissan dé, kò sí ẹnìkankan nítòsí àfi ẹni tó ni ín.

"Mọ́mì, ẹ má bínú," Sùnmọ́nù wí láti ilẹ̀. "Ẹ bá mi tẹ̀ ẹ́, mà."

Ó fi ẹsẹ̀ òsì tẹ̀ ẹ́.

"Ẹ dì í mú, mà. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má tíì..."

"Mo ti gbọ́, Sùnmọ́nù. Ṣé kí n dì í mú fún ìlà kan ni, àbí fún ẹsẹ kan?"

Sùnmọ́nù gbé orí sókè. Láti ogún ọdún tó ti ń ṣiṣẹ́, kò tíì sí ẹni tó bi í léèrè bó ṣe máa pẹ́ tó. Kò mọ ohun tí ìyá náà ń pè ní ìlà, àmọ́ ó gbọ́ tó ń kọrin wẹ́lẹ́wẹ́lẹ́ nínú ọkọ̀, pẹ́dálì sì wà nílẹ̀ bíi pé wọ́n kàn án mọ́bẹ̀. Nígbà tó ní kó fi sílẹ̀, ẹsẹ̀ náà dìde bó ṣe lọ, wọ́ọ́rọ́wọ́. Ojú ìyá náà tan. Ó ti ń wá irú nǹkan tó le báyìí lábẹ́ ẹsẹ̀ rẹ̀ láti ọjọ́ yìí wá.

Sùnmọ́nù dìde, ó ń fi àkísà nuwọ́. "Mọ́mì, iṣẹ́ wo lẹ ń ṣe gan-an?"

"Dùùrù ni mò ń tẹ̀ ní ṣọ́ọ̀ṣì."

"Ẹ dákun, mà, ọkọ̀ mẹ́ta wà nílẹ̀ tí mo ń sá fún láti oṣù tó kọjá. Ẹ máa bọ̀ lọ́la."

Bí wọ́n ṣe bẹ̀rẹ̀ nìyẹn. Màmá Gertrude ò gba kọ́bọ̀. Ohun tó ń wá ni pẹ́dálì, pẹ́dálì ló sì rí. Gbogbo Ọjọ́ Ìsẹ́gun àti Ọjọ́bọ̀, á gbé ìwé orin rẹ̀ sábẹ́ apá, á dé abẹ́ igi àgbọn. Ó ní orin tó ń lò fún táyà kọ̀ọ̀kan: orin tó falẹ̀ fún ti ẹ̀yìn nítorí páìpù ibẹ̀ gùn, orin kúkúrú fún ti iwájú. Bí iṣẹ́ bá parí, á fi pẹ́ńsù kọ orúkọ ọkọ̀ àti ẹni tó ni ín sẹ́gbẹ̀ẹ́ orin tó kọ fún un.

"Ọdún mọ́kàndínláàádọ́ta ni mo fi ń fẹ́ atẹ́gùn wọlé," ló wí fún Sùnmọ́nù lọ́jọ́ kan. "Ìwọ lo wá sọ mí di ẹni tó ń fẹ́ ẹ jáde."

Lẹ́yìn oṣù méjì, ẹsẹ̀ òsì ti dá ṣáká. Ìwé kékeré Ọ̀gbẹ́ni Ọlápàdé ò rí nǹkan gbà mọ́. Ìbá parí síbẹ̀, tí kì í bá ṣe ti ọkọ̀ pupa.

Olúdayọ̀ ló ni ọkọ̀ pupa náà, ọ̀dọ́mọkùnrin kan tó ń ṣiṣẹ́ kọ̀ǹpútà ní Yábàá. Ọkọ̀ eré ìje ni, ilẹ̀kùn méjì, ó sì sún mọ́lẹ̀ débi pé àfi kí ènìyàn kọ́kọ́ dọ̀bálẹ̀ fún un kó tó lè wọ̀ ọ́. Olúdayọ̀ ní tóun bá ti sáré díẹ̀ lórí afárá, búréèkì á rọ̀.

"Ìgbà wo lo ti pààrọ̀ epo búréèkì?" Sùnmọ́nù bi í.

"Ẹ̀gbọ́n, ṣé wọ́n máa ń pààrọ̀ ẹ̀ ni?"

Sùnmọ́nù wo ojú ọ̀run fún ìgbà díẹ̀. "Epo búréèkì máa ń mu omi látinú afẹ́fẹ́, àbúrò. Ó ń mu ún díẹ̀díẹ̀. Tí búréèkì bá wá gbóná, omi yẹn á hó, á di atẹ́gùn. O rò pé búréèkì lo tẹ̀, atẹ́gùn lo tẹ̀."

Ìṣẹ́jú mẹ́wàá ni wọ́n fi gbé Màmá Gertrude wọnú ọkọ̀ náà. Olúdayọ̀ di apá mú, Sùnmọ́nù di báàgì àti ìwé orin mú, Saidat, ọmọbìnrin tó ń ta cháájà fóònù ní òdìkejì títì, ń darí wọn bí ẹni tó ń dá tírélà padà sẹ́yìn: "Ẹ gé e, ẹ gé e díẹ̀ sí i, ẹ máa bọ̀, ẹ máa bọ̀, ó tó." Nígbà tí ó jókòó tán, orí rẹ̀ nìkan ló hàn lójú fèrèsé.

Táyà ẹ̀yìn lápá ọ̀tún ni wọ́n ti bẹ̀rẹ̀. Epo tó jáde dúdú bí ohun tí wọ́n fi ń kun òrùlé. Kò sí wàhálà, àfi pé Olúdayọ̀ fẹ́ràn ìbéèrè. Ó béèrè èyí, ó béèrè tọ̀hún, Sùnmọ́nù ń dáhùn, ó sì gbàgbé ohun tí mẹkáníìkì kì í gbàgbé: kò bu epo tuntun kún ike tó wà lábẹ́ bọ́nẹ́ẹ̀tì. Ike náà gbẹ.

"Sùnmọ́nù," Màmá Gertrude pè é látinú ọkọ̀, ohùn rẹ̀ tutù. "Nǹkan yìí ò ní ìsàlẹ̀ mọ́."

Sùnmọ́nù sáré ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì, ó sì fọwọ́ lérí. Atẹ́gùn ti wọ ABS. ABS yìí ni ẹ̀rọ tí kì í jẹ́ kí táyà há pa nígbà tí ènìyàn bá tẹ búréèkì lójijì. Inú rẹ̀ dà bí ilé oníyàrá púpọ̀ ní Múṣín: atẹ́gùn tó bá sá wọ yàrá ẹ̀yìn níbẹ̀, kò ní gbọ́ kíkan ilẹ̀kùn lásán. Àfi kí wọ́n fi sikánà, ẹ̀rọ kékeré tó ń bá kọ̀ǹpútà ọkọ̀ sọ̀rọ̀, jí i kó lè ti àlejò jáde. Sùnmọ́nù ò ní sikánà. Ó pe Mùktárù, ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní ọjà Ládìpọ̀, Mùktárù sì dé pẹ̀lú tirẹ̀ lọ́rùn bíi stẹtosikóòpù dókítà.

"Màmá, ẹ tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀, ó máa pariwo díẹ̀ o," Mùktárù wí, ó sì tẹ sikánà.

Ọkọ̀ náà ò tíì ṣáná, síbẹ̀ ó ké. Ó kọ́kọ́ kùn bí ọlọ ata, ó wá ń gbá kọ́-kọ́-kọ́ bí ẹni tí wọ́n tì mọ́ balùwẹ̀. Pẹ́dálì ń ta Màmá Gertrude lẹ́sẹ̀ bí ewúrẹ́. Ẹlòmíràn ì bá ti gba ojú fèrèsé jáde. Ṣùgbọ́n obìnrin yìí ti tẹ dùùrù lọ́jọ́ ìkórè tí alángbá wà nínú rẹ̀. Ó di ojú, ó gbé orin sókè débi tí ariwo ọkọ̀ ò fi lè borí rẹ̀, ó sì di pẹ́dálì mú. Nílẹ̀ lẹ́bàá táyà, àwọn ọkùnrin méjèèjì doríkodò sí ìgò, ìfófòó sì ń hó wọnú rẹ̀.

"Ó ń jáde," Mùktárù ń wí. "Ó ń jáde, ẹ má dákẹ́, mà. Ó ku ọ̀kan."

Ìgbà yẹn gan-an ni Saidat gbé fóònù sókè lódìkejì títì. Kò parọ́ kankan. Ohun tó rí ló yà, fún ogójì ìṣẹ́jú-àáyá. Ó fi ránṣẹ́ sórí wáàsáàpù àwọn ọlọ́jà, ó kọ ọ̀rọ̀ díẹ̀ sábẹ́ rẹ̀: "Ẹ wo ohun tó ń ṣẹlẹ̀ ní Sábó." Èyí tó kù, àwọn èèyàn fúnra wọn ló fi ẹnu parí ẹ̀.

Ní Sátidé, Ọ̀gbẹ́ni Ọlápàdé fúnra rẹ̀ wá sábẹ́ igi àgbọn. Ó gba àárín fìríjì àti jẹnẹrétọ̀ kọjá, ó ní òun fẹ́ gba ìgò náà. Inú Sùnmọ́nù dùn, kò kúkú mọ ibi tó máa da epo àlòkù sí. Ọ̀gbẹ́ni Ọlápàdé fi náílọ̀n mẹ́ta wé e, ó gbé e jìnnà sára bí ẹni gbé ọmọ ọlọ́mọ tó ti tọ̀.

Lẹ́yìn ìsìn Sọ́ńdè, ìgbìmọ̀ jókòó. Wọ́n gbé ìgò lé orí tábìlì ìgbìmọ̀, tábìlì tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ kùn tó ń dán gbinrin. Alága, Bàbá Ọlábọ̀dé, gbàdúrà ìbẹ̀rẹ̀, ẹni tó bá sì mọ Bàbá Ọlábọ̀dé mọ̀ pé àdúrà rẹ̀ máa ń kí gbogbo ilẹ̀ Áfíríkà lọ́kọ̀ọ̀kan. Ìdérí ìgò náà ò fún dáadáa. Epo búréèkì sì rèé, ọ̀tá ọ̀dà ni. Nígbà tí wọ́n fi máa ṣe àmín tí wọ́n lajú, abẹ́ ìgò ti tutù, ọ̀dà ibẹ̀ sì ti ń bó bí awọ ẹni tí oòrùn pa. Gbogbo ìgbìmọ̀ fa àga sẹ́yìn lẹ́ẹ̀kan náà.

"Ẹ rí i fúnra yín," Ọ̀gbẹ́ni Ọlápàdé wí, ó sì ka ẹ̀sùn. "Èkíní, Màmá ṣe ìdáǹdè láìgba àṣẹ ìgbìmọ̀. Èkejì, wọ́n lo orin ìjọ fún un. Ẹ̀kẹta, ẹsẹ̀ ọ̀tún ni wọ́n fi tẹ àǹjọ̀nnú mọ́lẹ̀ ní Ọjọ́bọ̀, ẹsẹ̀ yẹn kan náà ni wọ́n sì gbé wá sídìí dùùrù láàárọ̀ yìí. Mo dábàá pé kí kíbọ́ọ̀dù wọlé."

Bàbá Ọlábọ̀dé yí sí Màmá Gertrude. "Tíṣà, a ò bínú sí ẹ̀bùn Ọlọ́run. Tó bá jẹ́ òótọ́ ni pé ẹ ń lé nǹkan jáde, a lè fi yín ṣe olórí ẹgbẹ́ ìdáǹdè. Ẹ ó máa jókòó níwájú, wọ́n ó máa gbé fáànù sí yín lára. Ẹ kàn fi dùùrù sílẹ̀ fún àwọn ọmọdé ni."

Màmá Gertrude wo ọwọ́ ara rẹ̀. Bó bá dákẹ́, á di ẹni ńlá. Kódà Ìyá Àgbà tó wà nínú ìgbìmọ̀ ti rọra sọ sí i létí pé ẹ̀rọ ìfọṣọ òun ń ṣe ségesège. Bó bá sì sọ òótọ́, àfi kó sọ ìdí tó fi ń lọ síbẹ̀, ìyẹn ohun tó ti ń fi pamọ́ láti oṣù yìí wá: pé ẹsẹ̀ rẹ̀ gbọ̀n. Ọ̀gbẹ́ni Ọlápàdé ò ṣáà ní ju ọ̀rọ̀ yẹn nù. Ọ̀nà méjèèjì ló dé ibi kíbọ́ọ̀dù.

Ó dìde, ó ṣí ìwé orin.

"Ẹsẹ̀ mi gbọ̀n," ló wí. "Ní ẹsẹ kẹta orin ìdúpẹ́. Jude gbọ́ ọ, ó kọ ọ́ sílẹ̀. Ẹni tí wọ́n bá ti irinṣẹ́ rẹ̀ mọ́lé fún ọ̀sẹ̀ mẹ́fà, kí ni ì bá ṣe tí kò ní gbọ̀n? Mo wá pẹ́dálì lọ sí ibi tí pẹ́dálì wà." Ó fi ìka sí etí ìwé. "Bàbá Ọlábọ̀dé, ọkọ̀ yín, oṣù tó kọjá. Orin ìrọ̀lẹ́, ẹsẹ mẹ́rin. Ìyá Àgbà, ọ̀sẹ̀ méjì sẹ́yìn, orin ìwọlé. Jude, ọkọ̀ Camry rẹ. Táyà ẹ̀yìn nìkan gba orin méjì, epo tó jáde níbẹ̀ dúdú ju ti inú ìgò yìí lọ. Ìwọ ò mọ̀, ìwọ kàn ju kọ́kọ́rọ́ sílẹ̀ fún Sùnmọ́nù, o lọ jẹ ìrẹsì. Láàárọ̀ yìí o sáré dé géètì, àwọn ọmọ ilé ẹ̀kọ́ Sọ́ńdè ń sọdá, o tẹ búréèkì. Ó dúró àbí kò dúró?"

Ọ̀gbẹ́ni Ọlápàdé ní òun ò rántí.

"Ó dúró," ni àwọn mẹ́ta wí lẹ́ẹ̀kan náà. Wọ́n wà ní géètì.

"Ẹsẹ̀ mi ló dúró lé. Ẹni tó bá gbà pé ẹsẹ̀ yìí ò mọ́, kó fi ọkọ̀ rẹ̀ sílẹ̀ níbí, kó fi ẹsẹ̀ tirẹ̀ rìn lọ sílé."

Oòrùn wà níta, ilé Bàbá Ọlábọ̀dé sì wà ní Ìsọlọ̀. Bàbá Ọlábọ̀dé na ọwọ́ sí Ọ̀gbẹ́ni Ọlápàdé láìwò ó. Ọ̀gbẹ́ni Ọlápàdé kọ́kọ́ ṣe bí ẹni tí kò mọ ohun tí ọwọ́ náà ń béèrè, lẹ́yìn náà ó tú kọ́kọ́rọ́ dùùrù kúrò lára àwọn yòókù, ó gbé e lé tábìlì, ó ṣọ́ra kó má kan ibi tó ń bó.

"Akọ̀wé, kọ ọ́ sílẹ̀," Bàbá Ọlábọ̀dé wí.

Adéwùnmí, ọmọbìnrin tó ń ṣe akọ̀wé, ti ń kọ látẹ̀yìnwá, ó sì ti kún ojú ewé méjì. "Mà, èwo gan-an ni kí n fi sílẹ̀ níbẹ̀?"

Màmá Gertrude fi kọ́kọ́rọ́ sápò, ó lọ dúró sẹ́yìn rẹ̀ bó ṣe máa ń dúró sẹ́yìn ọmọ ìwé kẹrin. "Kọ ọ́ pé kò sí àǹjọ̀nnú. Atẹ́gùn ni, pẹ̀lú epo búréèkì tó ti gbó. Kọ ọ́ pé ìgò kan ni, kì í ṣe méje. Ọkọ̀ náà ké lóòótọ́, mi ò ní parọ́, àmọ́ kò sọ Gẹ̀ẹ́sì. Orin náà, mo kọ ọ́ tán, kò sí ẹsẹ tí mo fò. Kọ ọ́ pé ẹsẹ̀ mi gbọ̀n nígbà tí wọ́n ti dùùrù pa, kò sì gbọ̀n mọ́. Kọ ọ́ pé ìgbìmọ̀ á tún tábìlì kùn."

Adéwùnmí kọ gbogbo rẹ̀. Màmá Gertrude tẹ̀ síwájú, ó gbé awò ojú rẹ̀ wọ̀, ó kà á láti òkè dé ìsàlẹ̀, ó sì fi ìka lé ọ̀rọ̀ kan ní ojú ewé àkọ́kọ́.

"O kọ ọ̀tún síbí. Pa á rẹ́, ọmọ mi. Ẹsẹ̀ òsì ni."